Kì í ṣe èéfín ló ń jáde lára yìnyín o

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ń ta ẹja ní ọjà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́, Ìyá Ẹlẹ́ja la máa ń pè wọ́n nínú ilé. Tí wọ́n bá ti ra yìnyín láàárọ̀, àwọn bùlọ́ọ̀kù gbàǹgbà yẹn, nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe ni pé wọ́n á ju àpò ìrẹsì bò ó, ẹni tó bá wá ṣèèṣì ṣí i sílẹ̀ ti wọ gàù lọ́jọ́ náà. "Bò ó jàre, ṣé o ò rí i pé owó mi ló ń fẹ́ lọ yẹn ni!" Owó tí wọ́n ń wí yẹn ni èéfín funfun tó máa ń rú lára yìnyín. Lójú tiwọn, bí igi tó wà lábẹ́ ẹja yíyan ṣe ń jó tó ń di èéfín, bẹ́ẹ̀ náà ni yìnyín ṣe ń jó, èéfín yẹn ló sì fi ń tán.

Èmi tí mo máa ń ṣe lẹ́sìn fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ládùúgbò wa nírọ̀lẹ́, ẹnu wá ń yún mi, mo ní "Mà, kì í ṣe ara yìnyín ni nǹkan yẹn ti ń jáde o." Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ó dáa, ibo ló ti wá, ọ̀run?" Mo ní inú afẹ́fẹ́ ni. Gbogbo àwọn tó wà nídìí àtẹ bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni mo rò ó dáadáa pé kì í ṣe ẹjọ́ wọn, torí bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà ni pé yìnyín le, omi ń ṣàn, gáàsì ń fẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ há a sórí, ó tán. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ gan-an, a ò dé'bẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú èéfín yẹn ná. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú yìí, omi wà nínú ẹ̀, omi tó ti tú ká di gáàsì tójú ò lè rí, àti pé ní Ẹ̀pẹ́ tí ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí, omi inú afẹ́fẹ́ wa pọ̀ gan-an, ẹni tó bá sáṣọ lásìkò òjò á jẹ́rìí sí i. Tí afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin yẹn bá wá kan òtútù tó yí yìnyín ká, omi inú ẹ̀ á tún kó ara jọ, á di ẹ̀kán wínníwínní tó ń léfòó, ohun tẹ́ ẹ rí tó funfun yẹn nìyẹn. Kùrukùru ni, ọmọ ìyá èyí tó máa ń bo ojú ọ̀sà láàárọ̀ kùtù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ wo ibi tó ń lọ: èéfín igi máa ń gòkè, ti yìnyín máa ń ṣàn wálẹ̀, á máa fà lórí tábìlì, á já sílẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó tutù wúwo ju èyí tó móoru lọ. Pió wọ́tà tó ń làágùn lẹ́yìn tẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fíríjì náà, kì í ṣe pé ọ̀rá yẹn jò, omi tara afẹ́fẹ́ ló wá lẹ̀ mọ́ ọn.

Kẹ́tùlù gan-an tún ń tàn wá. Nǹkan funfun tó ń tú jáde lẹ́nu kẹ́tùlù tó ń hó, a máa ń ní omi tó ti di gáàsì nìyẹn. Rárá o. Ẹ wò ó dáadáa lọ́jọ́ míì, àlàfo kékeré kan wà láàárín ẹnu kẹ́tùlù àti ibi tí funfun yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó dà bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni gáàsì wà. Funfun yẹn ti padà di omi. (Ẹ má fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò o, ẹ jọ̀ọ́.)

Ká tó lè mọ ìdí tí omi fi ń ṣe gbogbo àwọ̀ yìí, a ní láti lọ bá àwọn horo ẹ̀. Gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kàn, àti afẹ́fẹ́ tẹ́ ò lè fọwọ́ kàn pàápàá, horo wínníwínní ni wọ́n kó jọ. Átọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pe horo yẹn, táwọn átọ́ọ̀mù mélòó kan bá so mọ́ra, ó di mólékù. Mólékù omi kan, átọ́ọ̀mù háídírójìn 2 àti ọ́síjìn 1 ló wà nínú ẹ̀. Ẹ bu omi gíráàmù 18, kò ju ṣíbí ìjẹun ńlá kan tó lé díẹ̀ lọ, mólékù tó wà nínú ẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ kọ 6 sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá to òdo 23 tẹ̀lé e. Ká ní gbogbo èèyàn bílíọ̀nù 8 tó wà láyé jókòó tì í, kí kálukú máa ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ká má sùn, ká má jẹun, ó máa gbà wá ju mílíọ̀nù 2 ọdún lọ ká tó kà á tán. Omi ṣíbí kan!

Àwọn horo yìí kì í dúró jẹ́ẹ́. Ní 1827, ọkùnrin ará Scotland kan, Robert Brown, ń fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo horo wínníwínní tó jáde látinú ìyẹ̀fun òdòdó, ó wà nínú omi, ó wá rí i pé wọ́n ń ta pọ́ún-pọ́ún láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ó kọ́kọ́ rò pé bóyá torí pé nǹkan ẹlẹ́mìí ni, ló bá lọ òkúta kúnná, ó da ìyẹn náà sómi, ìyẹn náà ń ta. Kò mọ ohun tó fà á títí tó fi kú. 1905 ni Albert Einstein ṣe ìṣirò ẹ̀ pé mólékù omi ló ń gbá horo yẹn síbí gbá a sọ́hùn-ún, Jean Perrin ará Faransé wá fi ìdánwò wọ̀n ọ́n, ó bá ìṣirò yẹn mu, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1926. Ṣé ẹ rí i, kò tíì pẹ́ rárá tí gbogbo onímọ̀ fẹnu kò pé átọ́ọ̀mù wà lóòótọ́, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá rú yín lójú.

Ó yá, ẹ wá lọ Yídì lọ́jọ́ Iléyá. Gbogbo ayé ti to sáfù, ìyẹn ìlà ìrun, èjìká kan èjìká, kálukú ní ojú ibi tó dúró sí. Ẹ rò pé wọ́n dúró jẹ́ẹ́ ni? Ọmọdé ń yíra, bàbá kan ń ṣe agbádá ẹ̀, ìyá kan lẹ́yìn ń jù sọ́tùn-ún jù sósì torí ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kúrò lójú ibi tó wà. Nǹkan tó le nìyẹn: yìnyín, irin, iyọ̀. Àwọn horo ẹ̀ ń gbọ̀n lójú kan, ìdí tó fi dúró sí bó ṣe wà nìyẹn tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀.

Tó bá wá di ọjọ́ Káyókáyó, tí wọ́n ń rántí bí Kòsọ́kọ́ Ọba Èkó ṣe wọ Ẹ̀pẹ́ ní 1851, àwọn èèyàn kan náà ló kún ojú títì. Wọ́n ṣì há mọ́ra, kò sáàyè, àmọ́ kò sí sáfù mọ́, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nísìnyí ti kọjá lọ, ẹlòmíì ti bọ́ síbẹ̀, gbogbo èrò ń yọ́ kọjá lára ara wọn, ibi tí ọ̀nà bá yà sí ni wọ́n ń yà sí. Nǹkan tó ń ṣàn nìyẹn. Alẹ́ lẹ́, kálukú ń lọ, ẹlòmíì ti kọrí sí Ìbẹ̀jú, ẹlòmíì ti wọ bọ́ọ̀sù Ìkòròdú, kò sẹ́ni tó kan ẹnikẹ́ni mọ́. Gáàsì nìyẹn.

Ibi tí mo ń lọ rèé: kò sí ẹni tó yí padà. Alàájì tó wà nínú sáfù náà ló wà lójú títì, òun náà ló wà nínú bọ́ọ̀sù. Mólékù omi tó wà nínú yìnyín kò le ju èyí tó wà nínú kẹ́tùlù lọ, kò sí mólékù líle, kò sí mólékù tó ń ṣàn, kò sí mólékù tútù. Ìrìn wọn ló yàtọ̀ àti bí wọ́n ṣe di ara wọn mú. Ooru gan-an, ìrìn náà ni. Tí a bá ní nǹkan gbóná, ohun tí à ń sọ ni pé àwọn horo ẹ̀ ń yára. Àwọn ọmọ lẹ́sìn mi máa ń kọ ọ́ pé tí irin bá gbóná, átọ́ọ̀mù ẹ̀ ń wú. Kò wú o. Ìjà tí wọ́n ń jà ló le sí i, wọ́n wá ń tara wọn jìnnà díẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja gbọ́ ti Yídì yẹn, wọ́n ní ó dáa, àmọ́ kí ló dé tí ìwọ tí o mọ̀wé máa ń sọ pé omi tútù inú fíríjì ò lè ṣiṣẹ́ yìnyín nígbà tó jẹ́ pé òtútù náà ni? Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi gan-an torí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ gbé yìnyín tó ń yọ́ sínú abọ́, ẹ ki tẹmómítà bọ̀ ọ́, dígírì 0. Ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí kan, oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀, ooru ń wọ inú ẹ̀, dígírì 0 náà ni. Títí èyí tó kẹ́yìn á fi yọ́ tán, tẹmómítà ò ní kúrò níbẹ̀. Níbo ni gbogbo ooru yẹn wá ń lọ? Ọwọ́ táwọn mólékù fi di ara wọn mú ló ń já. Kò ráàyè sọ wọ́n di ẹni tó ń yára, iṣẹ́ títú sáfù ló ń ṣe. Iṣẹ́ yẹn ò kéré o: ooru tó máa yọ́ yìnyín kílò kan tán, òun náà ló máa gbé omi kílò kan láti dígírì 0 dé nǹkan bí 80, ìyẹn ku díẹ̀ kẹ́ ẹ fi po tíì. Tẹ́ ẹ bá wá gbé omi dígírì 0 ti ẹja, kó tó dé dígírì 10, ooru tó máa gbà lára ẹja ò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ èyí tí yìnyín máa gbà kó tó yọ́ tán, yìnyín á sì gba gbogbo tiẹ̀ láì gbóná sí i. Ẹja òbòkún yín ló ń sanwó yẹn, ó ń da ooru ara ẹ̀ sínú yìnyín. Ìdí tí wọ́n fi ń fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó tẹ́ ẹja sí i náà nìyẹn, kó lè kan ẹja níbi tó pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi tí omi ti ń di gáàsì, àmọ́ tibẹ̀ le ju ìyẹn lọ. Ooru tó máa sọ omi tó ti ń hó di gáàsì pátápátá ju ìlọ́po 5 èyí tó gbé e láti dígírì 0 dé 100 lọ. Ìkòkò mọ́ínmọ́ín tẹ́ ẹ ṣí tí ooru ẹ̀ bu yín lọ́wọ́, tó ro yín ju omi gbígbóná lọ, ìdí ẹ̀ rèé, bí gáàsì yẹn ṣe ń padà di omi lára yín, gbogbo ooru tó ti jẹ ló ń bì sí yín lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n omi ò ní láti hó kó tó lọ. Aṣọ tẹ́ ẹ sá kì í hó lórí okùn. Nínú omi, kì í ṣe gbogbo mólékù ló ń sáré bákan náà, àwọn kan yára ju àwọn kan lọ, èyí tó bá yára jù tó sì wà lókè, á já ara ẹ̀ gbà, á bá afẹ́fẹ́ lọ. Tí àwọn tó yára bá ti ń lọ, àwọn wo ló kù? Àwọn tó ń rọra rìn. Omi tó ṣẹ́ kù á wá tutù. Àmù ìyá àgbà nìyẹn! Omi ń rọra yọ lára amọ̀, ó ń gbẹ lẹ́yìn ẹ̀, èyí tó ń gbẹ ń gbé ooru lọ, ẹ mu omi tútù láìsí iná. Lásìkò ọyẹ́ ló máa ń tutù jù, torí omi ò pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, èyí tó bá lọ ò tètè padà. Lásìkò òjò, bó ṣe ń lọ lòmíì ń bọ̀, aṣọ ọjọ́ mẹ́ta ò gbẹ.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ pé yìnyín ń léfòó. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré o, torí nǹkan tó bá dì sábà máa ń wúwo ju èyí tó yọ́ lọ, ẹ ju òrí tó dì sínú òrí tó yọ́, á rì. Omi ló ya alágídí. Ẹ padà sí Yídì: tí gbogbo èrò bá kàn dúró, ẹ lè kó wọn há, ṣùgbọ́n tí Lèmọ́mù bá ní ká forí kanlẹ̀, ẹ ní láti fi àyè sílẹ̀ láàárín sáfù kan sí èkejì. Bí omi náà ṣe ń ṣe nìyẹn, tó bá ń dì, mólékù kọ̀ọ̀kan máa na ọwọ́ sí mẹ́rin tó yí i ká, ní ìdúró kan pàtó, àyè á ṣí sílẹ̀ láàárín wọn. Omi tó bá dì á fi bíi ìdá 9 nínú 100 gba àyè ju tẹ́lẹ̀. Ẹ ki ìgò omi tó kún dẹ́nu sí fíríìsà, ẹ sùn, ẹ jí bá ìfọ́kúfọ̀ọ́.

Sílíńdà gáàsì ìdáná náà wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mì í, ẹ ń gbọ́ omi. Àwọn kan ní omi làwọn onígáàsì bù mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n rẹ́ yín jẹ níbi ìwọ̀n, ìyẹn yàtọ̀, àmọ́ omi yẹn, gáàsì yẹn náà ni. Wọ́n fún un pọ̀ débi pé àwọn mólékù sún mọ́ra, wọ́n di ara wọn mú, ó ń ṣàn. Bẹ́ ẹ bá ṣí i, ó rí àyè, á padà di gáàsì, lítà kan ẹ̀ lè di ju igba lítà lọ. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbọ́dọ̀ rọ ọ́ kún, bíi ìdá 80 nínú 100 ló yẹ kó mọ, torí tí oòrùn bá pa á, omi inú ẹ̀ máa fẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi fẹ̀ sí. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé tẹ́ ẹ bá fi se ẹ̀wà fún wákàtí gbọọrọ, sílíńdà máa ń tutù, á sì làágùn láti ìsàlẹ̀ dé ibì kan. Ibi tí òógùn yẹn dúró ni gáàsì inú ẹ̀ kù sí. Ọ̀rọ̀ àmù náà ni, èyí tó ń lọ ń gbé ooru lọ.

Èyí tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́sìn lẹ́nu jù ni ti òórùn ẹja. Mólékù afẹ́fẹ́ ní yàrá wa yìí ń sáré bíi mítà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn kílómítà 1,800 ní wákàtí, bàálù tó ń gbéèyàn lọ Lọ́ńdọ̀nù ò sáré tó o. Ó dáa, kí ló dé tí wọ́n bá ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, ó ń pẹ́ díẹ̀ kí òórùn ẹ̀ tó bá yín nínú ilé? Torí pé kò lè rìn tààrà. Kó tó rìn jìnnà tó ìbú irun orí kan, á ti kọ lu àwọn míì àìmọye ìgbà, wọ́n á gbá a padà, á ya síbí, á ya sọ́hùn-ún, bíi kórópe láàárín ọjà lọ́jọ́ ọjà. Ká ní atẹ́gùn ò sí tó ń gbé e, ebi ì bá pa yín kẹ́ ẹ tó gbóòórùn.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń yọ́ lẹ́ẹ̀kan bíi yìnyín ṣá. Epo àgbọn táwọn ará Àgbádárìgì ń ṣe, nǹkan bíi dígírì 24 ló ń dì, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣàn lọ́sàn-án, tó sì máa dì gbagidi nínú yàrá tó ní AC, kò bàjẹ́ o, ẹ má dà á nù. Epo pupa tiẹ̀, ọ̀rá oríṣiríṣi ló wà nínú ẹ̀, àwọn kan ti dì nígbà táwọn kan ṣì ń ṣàn, ó máa ń sùn sísàlẹ̀ ìgò, òkè ẹ̀ á mọ́ roro. Káfúrà tẹ́ ẹ fi sáàárín aṣọ tún fo ìpele kan, kì í di omi rárá, á kàn máa kéré títí ẹ ò fi ní rí i mọ́, látinú líle ló ti bọ́ sí gáàsì tààrà. Mànàmáná sì wà, tó gbóná débi pé ara átọ́ọ̀mù gan-an ń ya, ẹlẹ́kítírọ̀nù, ìyẹn horo tó tún kéré sí átọ́ọ̀mù tó wà nínú ẹ̀, ń bọ́ lára ẹ̀, plásímà ni wọ́n ń pe ìyẹn, oòrùn náà plásímà ni, àmọ́ ká fìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ míì.

Mo padà lọ bá Ìyá Ẹlẹ́ja, mo ní ẹ wò ó, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló ń di funfun yẹn, tí díẹ̀ nínú ẹ̀ bá sì bà lé yìnyín, ṣe ló tún ń fi omi kún un, ṣùgbọ́n bó ṣe ń bà lé e ló ń já ooru tó gbé wá sí i lára, bíi ti ìkòkò mọ́ínmọ́ín yẹn. Àpò ìrẹsì yín ń ṣiṣẹ́ o, kì í ṣe pé ó ń dá èéfín dúró, afẹ́fẹ́ ló ń dí lọ́nà kó má wọlé. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé kì í ṣe tèmi ló ń jáde, olè ló ń wọlé." Mo ní ẹ̀ẹ́n. Wọ́n wá ju àpò kejì lé e.